Bí A Ṣe Lè Fi Ẹsẹ̀ Ewúrẹ́ Kan Kọ́ Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Nípa Irú Tíṣù Mẹ́rin Tó Wà Nínú Ara Ènìyàn

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹ̀yin olùkọ́ Báyọ́lọ́jì ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kàbà dé Ìyàrá, láti Mọ̀pà dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní máíkírósíkóòpù kan ṣoṣo fún kíláàsì tó kún fọ́fọ́, tàbí tí ẹ kò ní rárá. Ẹ̀kọ́ nípa tíṣù wà lára àwọn tó máa ń jìyà jù nínú irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ a ya àwòrán sójú pátákó, àwọn ọmọ a dà á kọ sínú ìwé, wọn a há orúkọ mẹ́rin sórí. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n ní ohun tó mú kí ẹ̀jẹ̀ àti egungun wà nínú ẹ̀yà kan náà, ẹnu wọn a wọlé. Èyí dùn mí, nítorí pé ohun tí a ń kọ́ wọn kò jìnnà sí wọn rárá. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tó ń rọ̀ ní ìsọ̀ alápatà tí wọ́n ń gbà kọjá lójoojúmọ́.

Tíṣù ni àkójọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jọra, pẹ̀lú àwọn ohun tí wọ́n ń tú jáde yí ara wọn ká, tí gbogbo wọn sì jọ ń ṣe iṣẹ́ kan pàtó. Irú sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ara ènìyàn tó nǹkan bí 200, síbẹ̀ irú tíṣù mẹ́rin péré ni wọ́n pín sí: èyí tó ń bo ara, èyí tó ń so ara pọ̀, èyí tó ń sún ara kì, àti èyí tó ń gbé ìmọ̀lára àti àṣẹ kiri. Ẹranko afọ́mọlọ́mú ni ewúrẹ́ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti jẹ́, nítorí náà irú mẹ́rin yìí kan náà ló wà nínú rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà wà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí tiwa.

Kí olùkọ́ kankan má rò pé àìsí máíkírósíkóòpù ti sọ iṣẹ́ yìí di yẹpẹrẹ. Dókítà ará ilẹ̀ Faransé kan, Xavier Bichat, ẹni tó kú ní 1802 nígbà tó wà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ni ó kọ́kọ́ pín ara ènìyàn sí oríṣiríṣi tíṣù ní ọ̀nà tó létò, kò sì lo máíkírósíkóòpù, nítorí pé kò gbẹ́kẹ̀ lé àwọn tó wà nígbà ayé rẹ̀. Ó ń se ẹran ara, ó ń sá a gbẹ, ó ń rẹ ẹ́ sínú ásíìdì, ó ń fi í sílẹ̀ kí ó rà, ó sì ń wo bí apá kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe nígbà tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Irú tíṣù 21 ni ó kà. Lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì, Schleiden àti Schwann, ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1838 àti 1839 pé sẹ́ẹ̀lì ni a fi kọ́ ohun abẹ̀mí, ni àwọn tó tẹ̀ lé wọn fi máíkírósíkóòpù kó gbogbo rẹ̀ jọ sí mẹ́rin. Ọ̀nà Bichat ni a ó tọ̀ níhìn-ín: ọmọ yóò fọwọ́ kàn án, yóò fà á, yóò sè é, yóò tẹ̀ ẹ́, kí ó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu olùkọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ bá alápatà sọ̀rọ̀ kí ó tó pa ẹran

Ohun tí ẹ fẹ́ rà yàtọ̀ sí ohun tí àwọn oníbàárà mìíràn ń rà, nítorí náà ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ti lọ bá alápatà. Ẹ kí i ní "Òkun o, Bàbá," kí ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni, kí ẹ sì ṣàlàyé báyìí: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sọ́tọ̀ kí ẹ tó sun irun ẹran náà. Ẹ má gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹ jẹ́ kí pátákò àti itan wà lára rẹ̀ ní odindi." Ọ̀rọ̀ irun sísun yìí ṣe pàtàkì gan-an. Bí iná bá ti kan awọ ewúrẹ́, apá òkè rẹ̀ ti jóná, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti jinná, awọ náà ti lẹ̀ mọ́ ẹran, ìdajì ohun tí ẹ fẹ́ fi han àwọn ọmọ sì ti bá èéfín lọ. Irun tó bá wà lórí rẹ̀, ẹ ó fi abẹ fá a fúnra yín.

Ẹ fi ọkàn ewúrẹ́ náà kún un, àti gògóńgò rẹ̀, àti ìfun kékeré tó gùn tó apá kan, àti ìdajì ọpọlọ. Ẹ mú ìgò gíláàsì tó mọ́ dání, kí alápatà bá yín gbe ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀ bí ó ti ń jáde. Bí ọpọlọ bá wọ́n, mùdùnmúdùn tó wà nínú eegun ẹ̀yìn lè rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìhà òde tirẹ̀ ló funfun, inú rẹ̀ ló sì rí bí eérú.

Ẹran tí alápatà pa, tí ara rẹ̀ dá, nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ má gba ẹran tó dédé kú, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fẹ́ fún yín. Bákan náà, ẹ má gbà kí àwọn ọmọ mú eku tàbí òkété wá láti fi rọ́pò ewúrẹ́. Eku ló ń gbé kòkòrò àrùn ibà Lassa, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ní 1969, Kogi sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ eku tó ní àrùn náà ti tó láti kó ran ẹni tó ń là á.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò egungun ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú

Ẹ wá eegun itan adìyẹ mẹ́ta tó ṣe déédéé, kí ẹ sì bó gbogbo ẹran ara wọn kúrò. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ri èkejì sínú fínígà nínú ìgò tó ní ìdérí, kí ẹ máa pààrọ̀ fínígà náà ní ọjọ́ méjì-méjì. Ẹ ju ẹ̀kẹta sínú ẹ̀yinná, ẹ jẹ́ kí ó dúdú, lẹ́yìn náà kí ó funfun, kí ẹ sì fi ẹ̀mú yọ ọ́ jẹ́jẹ́, nítorí pé kò ní í lágbára mọ́. Ohun tí a fẹ́ rí ni pé ohun méjì ni a fi kọ́ egungun: kálísíọ̀mù tó mú un le, àti kólájìn tó mú un fà. Ásíìdì inú fínígà ń yọ kálísíọ̀mù kúrò, iná sì ń jó kólájìn tán.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀kọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ ewúrẹ́ mìíràn tàbí awọ màlúù díẹ̀ sórí iná kékeré fún wákàtí mélòó kan láìfi iyọ̀ tàbí ata sí i, ẹ sẹ́ omi rẹ̀ sínú àwo, kí ẹ sì gbé e síbi tó tutù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nígbà ọyẹ́ ni èyí ń dára jù, nítorí pé òtútù òru yóò mú kí omi náà dì dáadáa láìsí fíríìjì. Àwọn ìyá wa tí ń se ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù ti mọ ohun tí mo ń sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ to kíláàsì

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ ṣe é, kí ẹran tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ gbé omi àti ọṣẹ sí ìtòsí, kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan sì wọ ìbọ̀wọ́. Ọwọ́ olùkọ́ nìkan ni abẹ gbọ́dọ̀ wà. Àwọn ọmọ yóò máa fi igi ìtayín àti ìka wọn ya nǹkan sọ́tọ̀, èyí sì dára ju gígé lọ, nítorí pé abẹ kò mọ ibi tí tíṣù kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó ní kámẹ́rà yóò wúlò: bí a bá fà á súnmọ́ ohun tí a ń wò, ó máa ń mú un tóbi tó láti rí okùn tín-ín-rín inú ẹran.

Ẹ má tíì kọ orúkọ kankan sójú pátákó. Ìbéèrè ni kí ẹ kọ. Níbo ni ohun yìí wà? Bí a bá fà á, kí ló ń ṣe? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹran náà bí kò bá sí i?

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òde, pẹ̀lú tíṣù ìbòra

Ẹ fá irun kúrò ní apá kan awọ náà, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn abẹ họ ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun kan yóò máa ṣí kúrò láìsí ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ ti rí èyí lára wọn: nígbà ọyẹ́, tí ara bá gbẹ, bí wọ́n bá fi èékánná ha apá, ilà funfun ni yóò hàn, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní í jáde. Òkú sẹ́ẹ̀lì tíṣù ìbòra ni ìyẹ̀fun náà. Àmì tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi mọ tíṣù yìí ti wà níbẹ̀: sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ há mọ́ ara wọn láìsí àlàfo, ó máa ń wà ní ojú òde tàbí ojú inú ihò kan, kò sì ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan nínú. Oúnjẹ rẹ̀ ń wá láti inú tíṣù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Irun ewúrẹ́ àti pátákò rẹ̀, àti èékánná tiwa, láti ara tíṣù yìí ni wọ́n ti hù.

Ẹ wá tú ìfun, ẹ fọ inú rẹ̀, kí ẹ là á, kí àwọn ọmọ sì fi ìka kan ojú inú rẹ̀. Ó ń yọ̀. Tíṣù ìbòra nìyẹn náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀, nítorí náà ìrísí rẹ̀ yàtọ̀. Ti awọ jẹ́ ìpele lórí ìpele nítorí pé ìhà òde ń fi ara gbolẹ̀. Ti ìfun jẹ́ ìpele kan ṣoṣo, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ga, wọ́n tò ní ìdúró, nítorí pé oúnjẹ gbọ́dọ̀ gba inú wọn kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Inú gògóńgò ní tirẹ̀, tó ní irun wínníwínní tí ń gbá eruku àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ padà sókè. Nínú àpò afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó tẹ́ pẹlẹbẹ, ó fẹ́lẹ́ gan-an, kí afẹ́fẹ́ lè rékọjá. Àwọn ẹṣẹ́ tí ń tú òógùn àti itọ́ jáde wà nínú ẹ̀yà yìí pẹ̀lú. Tíṣù ìbòra tún máa ń sọ ara rẹ̀ di ọ̀tun kíákíá: ti ojú ìfun kì í ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lọ, ti awọ ara sì ń gbà tó oṣù kan.

Bí ẹ bá ní máíkírósíkóòpù, ibí yìí ni kí ẹ ti lò ó. Kí ọmọ kan fi òwú orí igi tó mọ́ ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ó fi pa ojú gíláàsì, kí ó kán omi kan sí i pẹ̀lú oògùn aláró GV tí ẹ ti fi omi là, èyí tó wà ní ilé oògùn gbogbo, kí ẹ sì fi gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ yóò hàn, pẹ̀lú tóró dúdú kan láàrin ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kálukú ni yóò ra ẹnu tirẹ̀, gbogbo òwú tí wọ́n bá lò sì gbọ́dọ̀ bọ́ sínú omi jíìkì lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fi àkókò tó pọ̀ jù sí tíṣù ìsopọ̀

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ náà ti nira jù, ibẹ̀ náà ni ó sì ti dùn jù. Bí ẹ bá ní wákàtí kan àtààbọ̀, ẹ fi ìdajì rẹ̀ síbí, nítorí pé ohun tó wà nínú ẹ̀yà yìí kò jọra wọn lójú: ọ̀rá, iṣan líle, egungun rírọ̀, egungun gidi, àti ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí kò bá fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kò ní í gbà pé ìdílé kan ni wọ́n, bí ó tilẹ̀ ti há a sórí.

Ẹ kọ́kọ́ fa awọ kúrò lára ẹran. Láàrin awọ àti ẹran, nǹkan funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yóò máa fà, yóò máa já. Òun ló di awọ mú mọ́ ara, síbẹ̀ tó jẹ́ kí awọ lè máa yẹ̀ lórí ẹran. Kí àwọn ọmọ fún awọ ẹ̀yìn ọwọ́ wọn pọ̀, kí wọ́n fà á, kí wọ́n rí bí ó ti ń padà. Ọ̀rá tó wà ní ìtòsí ibẹ̀ jẹ́ tíṣù ìsopọ̀ pẹ̀lú. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló ń tọ́jú epo pa mọ́ fún ìgbà àìní, ó sì ń mú ara gbóná.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá iṣan líle ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀, èyí tó wà níwájú ihò tí alápatà máa ń dá lu láti fi so ẹran rọ̀, tàbí lẹ́yìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó bá ti dá a. Ó funfun, ó ń dán, ó sì lágbára tó láti gbé gbogbo ìwúwo ẹran náà. Ẹ ya á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó yí i ká, kí ẹ wá ìkejì rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ dé pátákò, kí ọmọ kan di ẹsẹ̀ náà mú, kí òmíràn sì fa iṣan yìí láti òkè. Pátákò yóò ká. Ẹ fa ti iwájú, pátákò yóò nà. Mi ò tíì rí kíláàsì tí kì í pariwo níbi yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè pé: ṣé iṣan líle yìí ló sún pátákò kì, àbí ó kàn gbé agbára ohun mìíràn dé ibẹ̀? Ó kàn gbé e dé ibẹ̀ ni. Òun ló so ẹran mọ́ egungun. Òmíràn tó jọ ọ́ wà ní oríkèé, èyí tó so egungun mọ́ egungun, tí kì í jẹ́ kí orúnkún yẹ̀.

Ẹ ṣí oríkèé orúnkún. Ojú egungun méjèèjì tó pàdé níbẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọ̀, àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ fi ara jọ búlúù díẹ̀. Kérékéré nìyẹn, egungun rírọ̀ tí àwọn ọmọ ń jẹ nínú ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bísíkíìtì bóònù. Ẹ fi gògóńgò hàn wọ́n, kí wọ́n ka òrùka rẹ̀, kí wọ́n sì rí i pé òrùka náà kò yí ká tán. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ níbi tó ti fara kan ọ̀nà oúnjẹ. Kérékéré kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú, ìdí nìyẹn tí orúnkún àgbàlagbà tó bá ti jẹ kì í fi í tètè san, tí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ sì lè jinná láàrin oṣù díẹ̀.

Ẹ mú eegun adìyẹ mẹ́ta yẹn jáde báyìí. Kí ọmọ kan tẹ èyí tó wà nínú fínígà: yóò tẹ̀ láìdá. Kí òmíràn fọwọ́ kan èyí tó jóná: yóò rún. Kí ẹ̀kẹta gbìyànjú láti tẹ èyí tí a kò fi ṣe nǹkan kan. Ẹ wá gbé omi ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tó ti dì síwájú wọn. Kólájìn tó jáde láti inú awọ, iṣan líle àti egungun nígbà tí iná mú wọn ló mú omi yẹn dì. Ohun kan náà ló wà nínú gbogbo wọn.

Ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ fi parí. Bí ìgò náà bá ti dúró ní ìdákẹ́jẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò ti dì sísàlẹ̀, omi pupa rúsúrúsú kan yóò sì ti yọ sókè. Ẹ béèrè ohun tí ẹ̀jẹ̀ àti egungun fi jọra. Ìdáhùn rẹ̀ ni ọkàn ẹ̀kọ́ yìí. Nínú tíṣù ìbòra, sẹ́ẹ̀lì kún ibi gbogbo. Nínú tíṣù ìsopọ̀, sẹ́ẹ̀lì fọ́nká bí aba inú oko ńlá, ilẹ̀ tó wà láàrin wọn ló pọ̀ jù, ilẹ̀ yẹn ló sì ń sọ irú tíṣù tó jẹ́. Bí ohun tó wà láàrin sẹ́ẹ̀lì bá le, egungun ni. Bí ó bá rọ̀ tó sì ń ta, kérékéré ni. Bí ó bá jẹ́ kìkì okùn kólájìn, iṣan líle ni. Bí ó bá jẹ́ omi, ẹ̀jẹ̀ ni. Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, omi yìí lé díẹ̀ ní ìdajì, nǹkan bí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwọn ọmọ yóò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa jẹnotáìpù, ẹ má dá wọn lẹ́kun. Sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Ti ẹni tó jẹ́ SS sábà máa ń lo ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún péré, ara kò sì lè ṣe òmíràn tó bí wọ́n ti ń kú tó. Èyí ló fà á tí ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń lọ sílẹ̀ tí ojú rẹ̀ sì ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àrùn ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe iṣẹ́ àbíkú. Ẹ sọ ọ́ fún wọn gbangba. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ kankan fún ẹ̀kọ́ yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Tíṣù tí ń sún kì

Ohun tí a ń pè ní ẹran lọ́jà ni èyí, àwọn ọmọ yóò sì tètè mọ̀ ọ́n. Ẹ se ègé itan kan, kí wọ́n fi ìka ya á: okùn tín-ín-rín tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni yóò máa yọ. Ìdì sẹ́ẹ̀lì gígùn ni okùn kọ̀ọ̀kan. Nínú ènìyàn, nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara ló jẹ́ irú ẹran yìí, òun sì ni a lè pàṣẹ fún.

Ẹ gé ọkàn sí méjì, kí wọ́n gbìyànjú láti ya ẹran rẹ̀ bí wọ́n ti ya ti itan. Kò ní í rọrùn, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì ọkàn ní ẹ̀ka, ẹ̀ka wọn sì wọnú ara wọn, kí gbogbo wọn lè fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkàn ènìyàn ń lù ní nǹkan bí 100,000 ìgbà lójúmọ́ láìsinmi. Ẹ ní kí àwọn ọmọ ká apá wọn, wọn a ká a; ẹ ní kí wọ́n dá ọkàn wọn dúró, wọn ò lè ṣe é.

Irú kẹta tíṣù tí ń sún kì wà nínú ògiri ìfun, ṣàkì, àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti iṣan ẹ̀jẹ̀. Òun náà kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ wa, kì í yára, ṣùgbọ́n kì í tètè rẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó bá ti dúró ti alápatà á ti rí i bí ìfun ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ti ń lọ́ jẹ́jẹ́ lórí tábìlì. Tíṣù yìí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ wá iṣan ìmọ̀lára nínú itan

Ẹ yí itan náà kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà lókè. Ẹ má gé e. Ẹ ti ìka bọ àárín àwọn ẹran ńlá ẹ̀yìn itan, kí ẹ là wọ́n sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ẹ ó fi rí okùn funfun kan tó fẹ̀ díẹ̀, tó ń bọ̀ láti ìbàdí tó sì ń lọ sí orúnkún. Iṣan ìmọ̀lára nìyẹn. Irú rẹ̀ tó wà ní ibi kan náà nínú ènìyàn ni ó nípọn jù nínú gbogbo ara wa, ó ń tó ìka ọwọ́.

Àwọn ọmọ á fẹ́ pè é ní iṣan líle tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ wá ìyàtọ̀. Iṣan líle ń dán, ó sì parí sára egungun. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ihò, bí a bá gé e, igi ìtayín lè wọnú rẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára kò ní ihò, kò parí sára egungun, ó rọ̀ ju iṣan líle lọ, ó sì ń pín sí ẹ̀ka tó ń kéré sí i bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo láti ẹ̀yìn ènìyàn lè na ọwọ́ rẹ̀ tó mítà kan kí ó lè dé ẹsẹ̀.

Ní kété tí wọ́n bá ti rí i, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ ìdí. Ibi tí okùn yìí gbà kọjá nínú ìdí ni abẹ́rẹ́ tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ bá gún ti máa ń ṣèṣe, tí ọmọ tó wọlé pẹ̀lú ibà á fi jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gún àgbàlagbà ní igun òkè níhà òde ìdí, tí wọ́n sì ń gún ọmọ kékeré ní itan, níhà òde. Kí àwọn ọmọ lọ sọ ọ́ nílé.

Ẹ là ọpọlọ, kí wọ́n rí i pé ìhà òde rẹ̀ rí bí eérú, inú rẹ̀ sì funfun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ronú ló pọ̀ ní òde, okùn wọn ló pọ̀ nínú. Nǹkan bí bílíọ̀nù 86 irú sẹ́ẹ̀lì yìí ló wà nínú ọpọlọ ènìyàn, púpọ̀ jù lọ nínú wọn kì í sì í bí òmíràn mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá kú. Nítorí èyí, ẹni tó bá já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tàbí láti orí ọ̀kadà, tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dùn ún, a kò gbọ́dọ̀ wọ́ ọ tàbí ká a. Pákó tó tẹ́jú ni kí a rọra tẹ́ ẹ sí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ fi ìfun dán wọn wò

Báyìí ni kí ẹ tó kọ orúkọ tí wọn yóò lò nínú ìdánwò sójú pátákó: epithelial (ìbòra), connective (ìsopọ̀), muscle (tí ń sún kì) àti nervous (ìmọ̀lára). Ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ègé ìfun kékeré kan, kí wọ́n sì wá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú rẹ̀. Ojú inú tó ń yọ̀ ni tíṣù ìbòra. Abẹ́ rẹ̀ ni ìpele funfun tó ń fà, tí ó kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀: tíṣù ìsopọ̀. Ògiri tó nípọn lóde rẹ̀ ni tíṣù tí ń sún kì. Ẹ̀kẹrin ni ojú lásán kò ní í rí, nítorí pé àwọn okùn ìmọ̀lára wínníwínní ló wà láàrin àwọn ìpele ògiri náà. Ẹgbẹ́ tó bá lè sọ pé ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí pé ìfun ń lọ́ fúnra rẹ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu ẹni tó ni ín, ni kí ẹ fún ní máàkì tó pọ̀ jù.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya ohun tó rí, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé, kí ó sì kọ ìdí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kọ "iṣan líle, nítorí pé ó parí sára egungun" ti gbà á; ẹni tó kọ orúkọ láìsí ìdí, ẹ dá ìwé rẹ̀ padà fún un.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹran náà lọ sílé láti sè. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ tó jìn, kí ajá má baà hú u, ẹ rì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìbọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ fi omi jíìkì nu tábìlì, kí gbogbo ọwọ́ sì fi ọṣẹ fọ̀ kí agogo ìsinmi tó lù.